Fíìmù ń síìsì lórí láptọ́ọ̀pù yín? Ẹ wá ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí fíìmù ń síìsì lórí ẹ̀ ò bàjẹ́ rárá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù, torí ní Adó-Èkìtì níbí, tẹ́ ẹ bá ti gbé láptọ́ọ̀pù dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, tẹ́ ẹ ní fíìmù ń dúró ó ń rìn, àwòrán ń já, ohùn ti lọ síwájú, ẹnu òṣèré ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni "rámù yín ló kéré" tàbí "ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀", owó á jáde, ẹ ó gbé e délé, fíìmù kan náà á tún síìsì níbi tó ti ń síìsì tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mí gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ iléèwé ló fi owó oúnjẹ ṣe é, torí àyẹ̀wò tó máa sọ ibi tí ìṣòro wà ò gba àkókò púpọ̀, kò sì gba irinṣẹ́ kankan, kò gba kí ẹnikẹ́ni tú ìdí láptọ́ọ̀pù.

Windows 10 àti 11 ni mo máa fi ṣàlàyé torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ ṣí fíìmù yẹn sílẹ̀, ká jọ máa ṣe é.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń síìsì

Ibí lọ́pọ̀ èèyàn máa ń fò, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ pa fíìmù yẹn, ẹ fi òmíràn sí i, ẹ tún fi fídíò WhatsApp kan sí i, kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa ṣe. Tó bá jẹ́ fíìmù kan ṣoṣo ló ń síìsì, tí àwọn yòókù ń lọ geere, ọ̀rọ̀ fáìlì nìyẹn, ẹ lè fò lọ sí ìgbésẹ̀ 3 tààrà.

Tó bá jẹ́ ojú ibì kan náà ló ti máa ń dúró nígbà gbogbo, ká sọ pé ìṣẹ́jú 43, tẹ́ ẹ bá sì fò ó kọjá ó ń lọ dáadáa, fáìlì yẹn ò pé nígbà tí wọ́n kọ́pì ẹ̀ fún yín, àbí kó jẹ́ pé ibi tó wà lórí hard disk ti ń bàjẹ́. Tó bá ń lọ dáadáa níbi tí wọ́n ti jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tó wá di ibi ìjà, ibi tí ọkọ̀ ń sáré, ibi tí òjò ń rọ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, processor yín, ìyẹn ọpọlọ láptọ́ọ̀pù, ló ń mí hẹlẹhẹlẹ, torí ibi tí àwòrán bá ti ń yí padà kíákíá ni iṣẹ́ ti ń pọ̀ fún un. Tó bá dáa fún bí ìṣẹ́jú 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ wàhálà ẹ̀, ooru ni kẹ́ ẹ fura sí. Tó bá jẹ́ ìgbà tí iná bá lọ nìkan ló ń ṣe é, tàbí ìgbà tẹ́ ẹ bá ki ṣájà kan pàtó bọ̀ ọ́, ẹ wo ìgbésẹ̀ 5.

Tó bá sì jẹ́ orí flash tàbí mẹ́mórì kádì lẹ ti ń wò ó, ẹ kọ́pì ẹ̀ sórí Desktop kẹ́ ẹ tó dá láptọ́ọ̀pù lẹ́bi. Fíìmù wákàtí 2 tó jẹ́ 2GB, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, kò béèrè ju nǹkan bí 280 kilobyte lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, flash tó lọ́ra jù pàápàá yẹ kó gbé ìyẹn. Torí náà tó bá ń lọ geere lórí Desktop tó wá ń síìsì lórí flash, flash yẹn ti ń kú lọ tàbí kó jẹ́ ayédèrú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi project sínú ẹ̀.

2. Ẹ wo Task Manager nígbà tí fíìmù ń lọ lọ́wọ́

Ẹ jẹ́ kí fíìmù máa lọ, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá jáde ní kékeré, ẹ tẹ "More details" nísàlẹ̀. Ẹ wá lọ sí "Performance", ẹ máa rí CPU (processor), Memory (rámù), Disk (ibi tí fáìlì ń wà), àti GPU (apá tó ń bójú tó àwòrán), bó tilẹ̀ jẹ́ pé láwọn láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ GPU lè má hàn, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.

Tí CPU bá ń lu 90 sí 100 nígbà tí fíìmù ń já, iṣẹ́ ti bo processor mọ́lẹ̀, ìgbésẹ̀ 3 àti 4 ló máa yanjú ẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n kọ "Speed" sí nísàlẹ̀ CPU yẹn, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀ síbì kan torí mo máa padà sórí ẹ̀.

Tó bá jẹ́ Disk ló wà ní 100 tí CPU jókòó jẹ́jẹ́, ẹ lọ sí "Processes", ẹ tẹ orí Disk kó lè to ẹni tó ń jẹ ẹ́ jù sókè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ máa rí "Antimalware Service Executable", ìyẹn ètò ààbò Windows, tàbí nǹkan tó jẹ mọ́ Windows Update. Láptọ́ọ̀pù tí ò rí iná fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n bá tàn án báyìí, gbogbo iṣẹ́ tó ti ń dúró dè é ló máa fẹ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan, tó bá wá jẹ́ hard disk onígbàanì tó ń yí ló wà nínú ẹ̀, kò lè máa ṣe ìyẹn kó tún máa ka fíìmù fún yín. Ẹ fún un ní ààyè bí wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó parí iṣẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tún gbìyànjú.

Memory ńkọ́? Tó bá jẹ́ 4GB lẹ ní, tí Chrome wà ní ṣíṣí pẹ̀lú ojú ewé 15, Memory á ti kọjá 90, Disk náà á máa sáré kiri torí Windows ti ń fi hard disk ṣe rámù. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ fi fíìmù nìkan sílẹ̀. Tó bá wá ń lọ geere, nígbà yẹn la lè sọ pé rámù kéré lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá lówó ẹ fi kún un. Lójú "Memory" yẹn náà lẹ máa rí "Slots used", tó bá jẹ́ 1 of 2, ààyè ṣì wà, ẹyọ kan sí i ló kù kẹ́ ẹ rà, rámù méjì sì máa ń ran àwòrán Intel lọ́wọ́ torí inú rámù ló ti ń yá ti ẹ̀ lò. Àmọ́ tí Memory bá wà ní 55 tí fíìmù ṣì ń síìsì, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra rámù ò yẹ̀ ẹ́ wò.

3. Ẹ mọ irú fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín

Ibí ni kẹ́ ẹ ti farabalẹ̀, torí nínú gbogbo láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó kún ọwọ́ wa, ibí lọ̀rọ̀ ti máa ń wá jù.

Ẹ fi VLC, ètò tó ń gbé fíìmù, ṣí fíìmù náà, ẹ tẹ Ctrl àti J. Ojú kan máa jáde tó máa kọ "Codec", ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ká fíìmù mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá rí "H264 - MPEG-4 AVC", fáìlì yẹn rọrùn, ọdún 2003 ni wọ́n ti gbé ọ̀nà yẹn jáde, láptọ́ọ̀pù èyíkéyìí tí wọ́n ń tà báyìí ló mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí "HEVC" tàbí "H.265", ọdún 2013 ni ìyẹn dé, wọ́n fi ń ká fíìmù mọ́ra gan-an, fíìmù tí ì bá jẹ́ 2GB á di nǹkan bí 1GB, ó ń dín dátà kù, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi fẹ́ràn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "AV1", ọdún 2018 ni tiẹ̀, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: bí wọ́n bá ṣe ká fíìmù mọ́ra tó náà ni iṣẹ́ títú u ṣe máa pọ̀ tó. Inú processor, apá kan wà tí wọ́n dìídì ṣe sí ibẹ̀ fún títú fídíò nìkan. Tí apá yẹn bá mọ irú fáìlì náà, ó máa tú u láìṣe wàhálà, CPU á wà ní 5 tàbí 10, láptọ́ọ̀pù á tutù. Tí apá yẹn ò bá mọ̀ ọ́n, gbogbo ẹ̀ á bọ́ sórí CPU, ìyẹn sì dà bíi kí wọ́n ní kí ẹnì kan ṣoṣo gún iyán fún gbogbo àlejò ìnáwó, á gún un lóòótọ́, àmọ́ oúnjẹ ò ní tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dúró dè é. Bí àwòrán ṣe ń já nìyẹn: CPU ò bá a dé lásìkò, VLC á sì ju àwọn tó pẹ́ nù. Ẹ lọ sí "Statistics" lójú Ctrl+J yẹn, ẹ máa rí "Lost", tí nọ́ńbà yẹn bá ń gòkè bí fíìmù ṣe ń lọ, ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá láptọ́ọ̀pù yín mọ HEVC? Ẹ wo orúkọ processor, ó wà lókè ojú CPU nínú Task Manager. Tó bá jẹ́ i5-3320M, 3rd gen (ìran kẹta) ni, i5-4300U jẹ́ 4th gen, i5-6300U jẹ́ 6th gen, i5-1135G7 jẹ́ 11th gen, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àmì "-" yẹn lẹ máa wò (3, 4, 6, 11). Fún Intel, láti 6th gen tó jáde lọ́dún 2015 ni wọ́n ti fi ibi tó ń tú HEVC lásán sí i, láti 7th gen ni wọ́n ti fi ti 10-bit (irú HEVC tí àwọ̀ ẹ̀ pọ̀ ju ti lásán lọ) sí i, AV1 sì di láti 11th gen lọ́dún 2020. HP EliteBook 840 G1 tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ìworòkò àti Ọ̀yẹ́, 4th gen ni. Dell Latitude E6430, 3rd gen. Láptọ́ọ̀pù tó lágbára ni wọ́n, ẹ lè fi wọ́n tẹ̀ project, ẹ lè fi kọ́ coding, wọ́n ṣì máa pẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ṣe wọ́n, wọn ò tíì máa fi ibi tó ń tú HEVC sínú processor. Kò sí rámù tẹ́ ẹ máa rà tó máa yí ìyẹn padà.

Orúkọ fáìlì máa ń sọ fún yín kẹ́ ẹ tó náwó dátà sí i. Tẹ́ ẹ bá rí "x265" tàbí "HEVC" pẹ̀lú "10bit" níbẹ̀, tí láptọ́ọ̀pù yín jẹ́ 4th gen, ẹ wá "x264", ìyẹn H.264, dípò ẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú 720p (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí àwòrán ṣe tóbi tó). Ojú láptọ́ọ̀pù tó jẹ́ 1366 nípa 768, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ yìí ṣe rí, kò lè fi 1080p hàn tán, ká má tíì wá sọ 4K, ẹ kàn ń fi iṣẹ́ pa processor lásán ni.

Tí fáìlì bá ti wà lọ́wọ́ yín, tẹ́ ò sì fẹ́ dàálóòdù òmíràn, HandBrake wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí i, ẹ fa fíìmù sínú ẹ̀, níbi "Preset" ẹ mú "Fast 720p30", ẹ tẹ "Start Encode". Á yí i padà sí H.264. Kò yára o, lórí láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ ó lè lò ju wákàtí tí fíìmù fúnra ẹ̀ lò, torí náà ìgbà tí iná bá wà lẹ máa ṣe é, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ lọ sùn. Ẹ má pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́ àyàfi tẹ́ ẹ bá ti wo tuntun yẹn.

4. VLC àti dráífà

Nínú VLC, ẹ tẹ Ctrl àti P, ẹ lọ sí "Input / Codecs", ẹ wo "Hardware-accelerated decoding". Tó bá wà ní "Disable", ẹ yí i sí "Automatic", ẹ tẹ Save, ẹ pa VLC, ẹ tún un ṣí. Tó bá ti wà ní Automatic tẹ́lẹ̀ tí àwòrán ń jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé tàbí tó ń pín sí wẹ́wẹ́, ẹ ṣe òdìkejì, ẹ fi sí Disable. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni "Skip H.264 in-loop deblocking filter" wà, tẹ́ ẹ bá fi sí "All", fáìlì H.264 tó wúwo á fúyẹ́ díẹ̀, àwòrán lè má mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó máa rìn. Àwọn kan máa ní kẹ́ ẹ gbé "File caching", ìyẹn ìwọ̀n fíìmù tí VLC ń kà sílẹ̀ ṣáájú, láti 1000 lọ sí 3000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn wúlò tó bá jẹ́ flash tàbí hard disk ló ń lọ́ra, àmọ́ tó bá jẹ́ CPU ni, ẹ má dà á láàmú, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ tún lè gbìyànjú mpv tàbí MPC-HC dípò VLC, àwọn méjèèjì fúyẹ́.

Tó bá jẹ́ ohùn nìkan ló ń pẹ́ tàbí tó ń yára ju ẹnu lọ, tí àwòrán ò já, síìsì kọ́ nìyẹn, ẹ máa tẹ J tàbí K nínú VLC títí ẹnu àti ohùn á fi bára mu.

Dráífà, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows mọ ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, wá ńkọ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́máàtì láptọ́ọ̀pù yín ni fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í síìsì, ibí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fi right-click tẹ Start, ẹ mú "Device Manager", ẹ ṣí "Display adapters". Ó yẹ kẹ́ ẹ rí Intel HD Graphics tàbí AMD tàbí NVIDIA. Tó bá jẹ́ "Microsoft Basic Display Adapter" lẹ rí, wọn ò fi dráífà àwòrán sí i, ìyẹn ni pé apá tó ń tú fídíò wà níbẹ̀ àmọ́ Windows ò mọ̀ pé ó wà. Ẹ tan dátà, ẹ lọ sí Windows Update, ẹ wo "Optional updates", tàbí kẹ́ ẹ lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ nọ́ńbà modẹ́ẹ̀lì, ẹ mú dráífà "Graphics". Ó máa jẹ dátà díẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó fọ́máàtì ẹ̀ ló yẹ kó ti ṣe èyí kó tó gbowó, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e padà fún un pé kó parí iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀rù tún ń ba àwọn kan nípa Windows 10. Lóòótọ́ Microsoft ti dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ dúró ní October 14, 2025, àmọ́ ọ̀rọ̀ ààbò nìyẹn, kò sọ pé kí fíìmù máa síìsì. Windows 11 sì ní tiẹ̀, 8th gen sókè ni wọ́n ṣe é fún lọ́dọ̀ Intel, ẹni tó bá fipá gbé e sórí 4th gen tó ní rámù 4GB, ẹrù ló dì kún ẹrù.

5. Ọ̀rọ̀ iná àti ṣájà

Ẹ rántí nọ́ńbà "Speed" tí mo ní kẹ́ ẹ kọ sílẹ̀? Ẹ mú un jáde. Tí fíìmù bá ń síìsì, tí Speed sì wà ní nǹkan bíi 0.78 GHz tí kò kúrò níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 2 ó lé ló yẹ kó máa lò, ẹ wo ṣájà yín.

Láptọ́ọ̀pù Dell, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wà láàárín ẹnu ṣájà ẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn ló ń sọ fún láptọ́ọ̀pù pé "ṣájà wáàtì báyìí ni mí". Tí abẹ́rẹ́ bá ti tẹ̀, tàbí tó ti kán, tàbí tó jẹ́ ayédèrú tí kò lè sọ nǹkan kan, Dell ò ní gbà á gbọ́, kò ní ṣáàjì bátìrì, á sì dín agbára processor kù gan-an kó má bàa fa iná ju ohun tí ṣájà lè gbé. Láptọ́ọ̀pù á tàn, iná á wà níbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é àfi pé ohun gbogbo á máa lọ bí ìgbín. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù, ẹ tàn án padà, ẹ máa tẹ F2 bó ṣe ń tàn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ bátìrì sí, wọ́n á kọ irú ṣájà sí i, 65W tàbí 90W. Tí wọ́n bá kọ "Unknown" tàbí wọn ò mọ̀ ọ́n, ẹ yá ṣájà ẹlòmíì tó dáa kí ẹ tó ra tuntun, ẹ ki í bọ̀ ọ́, ẹ wo Speed. Mo ti rí i tí Speed fò láti 0.78 sókè lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n pààrọ̀ ṣájà, fíìmù tó ti ń já láti àárọ̀ ń lọ geere, ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù sì ti fẹ́ tà á. Tẹ́ ẹ bá máa ra ṣájà, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo F2 yẹn níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Iná tiwa náà tún ní tiẹ̀. Ṣájà láptọ́ọ̀pù ń lo láti 100 sí 240 volt, torí náà iná tí kò ga gan-an pàápàá ó máa ń gbé e. Àmọ́ ní alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá ti tan nǹkan wọn, tí gílóòbù dúdú bí àtùpà, ṣájà lè máa já wọlé já jáde, Windows á máa sáré láti orí iná lọ sórí bátìrì, á tún padà, gbogbo ìgbà tó bá ti bọ́ sórí bátìrì ló máa dín agbára kù. Ẹ wo àmì bátìrì nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tẹ́ ẹ bá rí i tó ń yí, ẹ yọ ṣájà títí iná á fi dúró dáadáa.

Tó bá jẹ́ bátìrì lẹ fi ń wò ó, ẹ lọ sí Settings, System, "Power & battery", tó bá jẹ́ Windows 10 orí àmì bátìrì yẹn gan-an lẹ máa tẹ̀, ẹ gbé "Power mode" kúrò ní "Best power efficiency" tàbí "Battery saver" lọ sí àárín. Bátìrì á tètè tán díẹ̀, àmọ́ fíìmù á rìn.

6. Ooru

Láptọ́ọ̀pù tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ihò tó ń mí nísàlẹ̀ ti dí. Ẹ gbé e sórí tábìlì tàbí pátákó, kódà páàlí tó le ṣe é. Ẹ wo Speed ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ẹ tún wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, tó bá ti já láti 2.5 bọ́ sí 1 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, tí fáànù ń pariwo, ooru ló ń fà á sẹ́yìn. Ẹ lè fi HWMonitor wo bó ṣe gbóná tó. Tó bá ń sún mọ́ 100 degree, processor fúnra ẹ̀ á dín eré kù kó má bàa jó.

Eruku ló máa ń fà á. Lásìkò ọyẹ́, láti December dé February, eruku pupa ojú títì tí wọn ò dà ọ̀dà sí máa ń wọ inú fáànù, á dì mọ́ ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde bí aṣọ. Ẹ pa láptọ́ọ̀pù pátápátá, ẹ fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ mú fáànù kó má yí, ẹ fi blower fẹ́ ẹ láti ẹnu ihò yẹn. Kó má yí yẹn ṣe pàtàkì, afẹ́fẹ́ tó le lè mú un sáré ju bó ṣe yẹ lọ kó bàjẹ́. Tí láptọ́ọ̀pù bá ti lò ju ọdún mélòó kan lọ láìjẹ́ pé wọ́n tú u, thermal paste (nǹkan rírọ̀ tó ń gbé ooru kúrò) tó wà lórí processor ti gbẹ, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Èyí jẹ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè sanwó fún láìfòyà.

7. Hard disk

Tó bá jẹ́ pé oríṣiríṣi fíìmù ló ń dúró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ibi tó ti máa ń dúró, tẹ́ ẹ ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nínú láptọ́ọ̀pù, ẹ dáàlóòdù CrystalDiskInfo, ẹ ṣí i. Búlúù pẹ̀lú "Good", ó dáa. Yẹ́lò pẹ̀lú "Caution", ẹ pa fíìmù, ẹ má wo nǹkan kan mọ́, ẹ kọ́pì project yín, fọ́tò yín, rìsọ́ọ̀tì yín, gbogbo nǹkan tí ẹkún á tẹ̀ lé tó bá sọnù, sórí ibòmíì lónìí yìí. Pupa tún burú jù ú lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ra SSD, ìyẹn disk tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Fún láptọ́ọ̀pù àtijọ́, kò sí owó tẹ́ ẹ máa ná tí ẹ ó tètè rí èrè ẹ̀ bíi SSD, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní kó mọ HEVC.

8. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń wò ó

Ẹ wo àmì kan péré: ṣé ìyíká yẹn ń yí ká láàárín ojú? Tó bá ń yí, nẹ́tíwọ̀kì ni. Tí kò bá sí ìyíká kankan tí àwòrán kàn ń já, láptọ́ọ̀pù ni.

Fún nẹ́tíwọ̀kì, ẹ ṣí fast.com, á sọ bí nẹ́tíwọ̀kì yín ṣe yára tó, ní Mbps. Netflix ní 3 Mbps tó fún 720p, 5 Mbps fún 1080p, 15 Mbps fún 4K. Tẹ́ ẹ bá rí 2 Mbps, ẹ fi sí 480p, ẹ máa gbádùn ara yín, dátà náà á pẹ́. Tó bá jẹ́ hotspot fóònù, ẹ gbé fóònù sẹ́bàá fèrèsé, fóònù ló nílò nẹ́tíwọ̀kì, láptọ́ọ̀pù lè jìnnà sí i díẹ̀.

Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, tẹ́ ẹ sì wà lórí YouTube, ẹ fi right-click tẹ ojú fídíò, ẹ mú "Stats for nerds". Ẹ máa rí "Codecs" àti "Frames" pẹ̀lú iye tó "dropped". Tó bá kọ av01 tàbí vp09 tí dropped ń gòkè, láptọ́ọ̀pù yín ò mọ irú yẹn, ẹ fi extension (ètò kékeré tí wọ́n ń fi kún Chrome) bíi h264ify sí i, á máa béèrè avc1 lọ́wọ́ YouTube, ìyẹn H.264 tí gbogbo láptọ́ọ̀pù mọ̀. Ẹ tún wo Settings Chrome, "System", kẹ́ ẹ rí i pé "Use graphics acceleration when available" wà ní títàn.

9. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra òmíràn

Tó bá ti wá di dandan kẹ́ ẹ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ míì, ẹ má fi ẹnu béèrè pé "ṣé ó ń gbé fíìmù", wọ́n máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi fíìmù HEVC 10bit kan sórí flash tó dáa, pẹ̀lú VLC tí wọ́n lè fi sí i láìlo dátà, ẹ gbé e dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n fi VLC sí i, ẹ kọ́pì fíìmù yẹn sórí Desktop wọn, ẹ tàn án, ẹ ṣí Task Manager lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. 7th gen sókè, CPU á wà nísàlẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ yọ ṣájà, ẹ wò ó fún bí ìṣẹ́jú 5, ẹ ki í padà, ẹ wo Speed. Ẹ fi ọwọ́ kan ìdí ẹ̀ bóyá ó ti gbóná jù. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí iná, ẹ bá a dá ọjọ́ mìíràn, ẹ má sanwó láptọ́ọ̀pù tẹ́ ò rí kó gbé fíìmù lójú yín.